Pákó Ìrókò Tí Ẹgbẹ́ Wa Fi Ṣe Owó Ìpamọ́

Ẹ jẹ́ ká dìde, ká ṣí fìlà fún ọmọ aráyé kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ dá owó rà, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó wá mú ìṣó, tó sì ha àmì ara rẹ̀ sí i lára. Àwọn ọba kọ́ ààfin kí a má bàa gbàgbé wọn. Àwọn jagunjagun sun ìlú kí orúkọ wọn lè dún. Akíkanjú tí mò ń wí yìí kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Ìṣó kan péré ló ná an, ìṣó ọ̀hún gan-an kì í sì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó parí, ó fà sẹ́yìn, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì kún bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú wọn tán láyé. Bí wọ́n bá tán, èmi kò ní ní ìtàn tí mo máa sọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi ayé mi ṣe, ní Bẹ́yẹrúnká, nínú ìlú Ìbàdàn yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mo ń kọ èyí fún. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní ó yẹ kí n fi ìfáárà sí i. Mo bi í pé kí ni ìfáárà ń ṣe nínú ìwé. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó kàn máa ń wà níbẹ̀ ni. Mo ní kó lọ fi sínú tirẹ̀.

Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣítù. Bàbá mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà mí. Ní ti owó iṣẹ́ tí mo gbà láti ọjọ́ tí mo ti dá dúró títí di òní, ó tó jẹun. Ẹ jẹ́ ká lọ síwájú.

Ọ̀gá Ṣítù ga, ó tín-ín-rín, kì í pariwo. Ẹni tí kì í pariwo le ju ẹni tó ń pariwo lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n máa fi òòlù na ìṣó tó ti wọ́ kó tún lè tọ́. Ìṣó òkè òkun ni, ó wọ́n. Mo na ìṣó títí àtàǹpàkò mi fi dà bí ti ẹlòmíràn. Bí mo bá kan àpótí, Ọ̀gá a da omi sínú rẹ̀, wọn a lọ kírun, wọn a padà wá wò ó. Bí omi bá jò, mo máa tú u palẹ̀.

“Ọ̀gá, aṣọ ni wọ́n fẹ́ kó sínú ẹ̀,” mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. “Aṣọ kì í jò.”

“Ìwọ lo jò, Àlàó,” ni Ọ̀gá wí. “Tú u.”

Wọ́n tún máa ń ní kí n di ojú, wọn a fi ẹ̀rún igi sábẹ́ imú mi, wọn a ní kí n pe orúkọ igi náà. Arère, afàrà, apá, ọ̀gànwó, ìrókò. Bí mo bá ṣì í, oúnjẹ ọ̀sán mi lọ nìyẹn. Mo rò nígbà náà pé ìkà ni wọ́n. Nígbà tí mo ní ọmọ iṣẹ́ tèmi, mo rí i pé ìkà ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó rí ọ̀nà mìíràn láti fi kọ́ni.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi jù lọ ni bí a ṣe ń gbẹ pákó. Ẹ ò gbọdọ̀ fi pákó tútù ṣe ilẹ̀kùn, torí bó bá gbẹ tán, yóò wọ́, ilẹ̀kùn kò ní padé mọ́. Abẹ́ òrùlé lẹ máa tò ó sí, ẹ ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó wá fi í sílẹ̀. Ọdún á gorí ọdún. Iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láàárín ìgbà náà ni pé kí ẹ má ṣe nǹkan kan. Òun ló ṣòro jù.

Ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wa já bọ́ láti orí òrùlé, tí ìyàwó rẹ̀ wá ń tọrọ owó láti ojúlé dé ojúlé láti fi bọ́ ọ. Ọ̀gá Ṣítù ní ìtìjú náà ju ìṣubú náà lọ. Wọ́n pe àwa káfíńtà Bẹ́yẹrúnká àti Bẹẹrẹ jọ, wọ́n ní kí kálukú máa dá owó lóṣooṣù. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, tàbí tó bá fara pa, tàbí tí ilé rẹ̀ bá wó, owó ìpamọ́ ni a ó fi gbà á. Wọ́n fi Ọ̀gá ṣe akápò. Wọ́n fi Jékọ́ọ̀bù ṣe akọ̀wé, torí òun nìkan ló lọ ilé ìwé àwọn mísọ́ńnárì, òun nìkan ló sì ń fi kọ́là sọ́rùn gun òrùlé.

Owó ẹyọ la kọ́kọ́ fi pamọ́, nínú ìkòkò. Ká tó mọ̀, òyìnbó ti ní ṣílè ni ká máa ná, ẹyọ wa sì di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré nínú iyanrìn. A tún bẹ̀rẹ̀, a kó ṣílè jọ. Nígbà ogun àwọn Jámánì ni owó bébà dé. Gbogbo ará ọjà ń sá fún un, Jékọ́ọ̀bù sì ń yìn ín.

“Ọ̀gá, ayé ti lajú,” ó ní. “Bébà ò wúwo, kì í ró wooro létí olè. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kan àpótí tó yẹ ẹ́. Ìrókò ni mo máa fi kàn án.”

Ó kàn án lóòótọ́. Àpótí náà pọ́n, ó ń dán, ó lẹ́wà. A gbé e sí yàrá Ọ̀gá, a sì ń fi bébà sínú rẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wa kán lẹ́sẹ̀, a pé jọ, a ṣí àpótí. Bébà òkè wà bó ṣe wà. Ọ̀gá ki ọwọ́ sísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n bù jáde. Ikán ti gba ìsàlẹ̀ wọlé, wọ́n ti jẹ owó ẹgbẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀kọ. Ọ̀gá gbé àpótí náà sókè, wọ́n fi èékánná ha ọ̀dà tí Jékọ́ọ̀bù kùn sí i, wọ́n gbé e símú.

“Arère,” ni wọ́n wí. Igi rírọ̀ tí ikán fẹ́ràn ni, kì í ṣe ìrókò.

Ìyàwó Ọ̀gá, Ìyá Sàláwù, ló bá wa sọ èyí tó kù láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ gbà mí o! Gbogbo káfíńtà Ìbàdàn pé jọ, wọ́n kan pósí fún owó ara wọn!”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Jékọ́ọ̀bù ní irú arère yìí yàtọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá sọ pé láti ìgbà náà lọ, ohun tí ikán kò lè jẹ ni a ó máa fi owó wa rà. Gbogbo ohun tí a bá dá, ìrókò tútù la fi ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń la gẹdú. A tò ó sábẹ́ bàràkà kan lẹ́yìnkùlé Ọ̀gá, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há a láàárín. Owó àwọn ẹlòmíràn ń dín kù bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Tiwa ń gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń níye lórí sí i. Lọ́dọọdún a máa ń ta díẹ̀ nínú èyí tó ti gbẹ, a ó fi ra tútù tó jù ú lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, a máa ń fún àwọn ẹbí rẹ̀ ní pákó kan. Mi ò tíì gbọ́ ẹgbẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ ń rùn dáadáa bíi tiwa.

Ibi tí akíkanjú wa ti wọlé nìyí. Bàbá àgbàlagbà kan kú nínú wa, a yan pákó kan tó fẹ̀, tó mọ́, tí kò ní kókó kankan, a fi ṣe pósí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn níbi ìsìnkú náà ń sọ̀rọ̀ pósí, wọn ò sọ̀rọ̀ bàbá mọ́. Nígbà tí a máa fi pàdé ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, àmì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ìrókò. Jékọ́ọ̀bù kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí èyí tó gbòòrò jù, òun tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló kéré jù nínú wa. Láwànì, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé nítòsí Bẹẹrẹ, ha ilà ojú rẹ̀, àbàjà, sára tirẹ̀. Ẹ̀sìn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Onígbàgbọ́ ń yan pósí. Mùsùlùmí ò lo pósí, ṣùgbọ́n pákó ni wọ́n máa ń tẹ́ lé òkú lórí nínú sàréè kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa kàn án. Àwọn tó ń bọ òrìṣà ní ilẹ̀kùn làwọn fẹ́ fi tàwọn ṣe, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Kó tó pẹ́, a ò kí ara wa mọ́ tí a bá dé ìpàdé, pákó wa là ń lọ kí. Láwànì a máa fi ọwọ́ pa tirẹ̀ lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Ọ̀gá Ṣítù rí gbogbo rẹ̀, wọn ò wí nǹkan kan. Mo rò nígbà náà pé ojú wọn ò ríran mọ́ ni.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, iná sọ lágbo ilé Láwànì lọ́sàn-án gangan. Koríko ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà. Ẹ̀ta iná kan láti ibi ìdáná ti tó. A sá dé ibẹ̀ pẹ̀lú àáké, kì í ṣe láti pa iná, torí kò sí omi tó lè pa á, bí kò ṣe láti já òrùlé àwọn ilé tó tẹ̀ lé e lulẹ̀ kó má bàa ráyè lọ. Àwa tí wọ́n ń sanwó fún láti gbé òrùlé sókè là ń já a lulẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí èéfín lọ, ògiri nìkan ló ṣẹ́ kù fún Láwànì, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí kò ríran, ìyàwó, àti àwọn ọmọ. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ jóná.

Òjò kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí kò lórùlé, òjò méjì mẹ́ta ló máa sọ ọ́ di ilẹ̀. Olówó kan wà ní Òjé tó ṣetán láti yá Láwànì lówó, bó bá lè fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Móríámù, ṣe ìwọ̀fà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìwọ̀fà. Ọmọ yóò máa gbé ilé olówó, yóò máa ṣiṣẹ́ fún un títí bàbá rẹ̀ yóò fi san owó náà pé. Iṣẹ́ ọmọ kì í dín owó kù. Àwọn mìíràn dàgbà síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, oníṣòwò kan tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Ògùnpa ń wá ìrókò gbígbẹ. Ó ní páànù nílẹ̀ jọjọ. Bí a bá kó pákó wa wá, yóò fún wa ní páànù tó máa bo ilé Láwànì, tí yóò sì tún ṣẹ́ kù. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́. Kò fẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá pe ìpàdé, wọ́n sọ ọ́ fún wa. Mo rò pé a ó pariwo ayọ̀.

Ẹnì kan wúkọ́. “Ọ̀gá, ẹ kó ti ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lókè ńbí yìí, tèmi ni.”

“Ta ló kú nílé rẹ?” ni Ọ̀gá bi í.

“Kò sẹ́ni tó kú, Ọ̀gá.”

Jékọ́ọ̀bù dìde, ó tún kọ́là ṣe. “Ọ̀rọ̀ òfin ni. Òfin ní pákó kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kan nígbà ikú. Tèmi ní àmì. Lẹ́tà òyìnbó ni mo sì fi kọ ọ́.”

“Ṣé ikú mọ̀wé ni?” Ìyá Sàláwù bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ìpàdé ọkùnrin ni.”

“Ilé mi lẹ ti ń ṣe é. Ẹ gbé ìpàdé ọkùnrin yín dìde, kí ẹ gbé e lọ sílé yín.”

Ariwo sọ. Òkè ni tèmi, ẹ̀gbẹ́ ni tèmi, èmi ni mo gbé e wọlé, èmi ni mo fi igi há a. Nígbà tó yá, Láwànì dìde. Eérú ṣì wà ní irun rẹ̀.

“Ẹ má jà mọ́,” ó ní. “Mo ti bá olówó Òjé sọ̀rọ̀. Lọ́la ni Móríámù ń lọ. Ọmọ náà ti di ẹrù ẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ká mú tòun.

Ọ̀gá Ṣítù wọlé. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, okùn kan wà lọ́wọ́ wọn tí a fi aṣọ wé. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ okùn yẹn, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó tíì fọwọ́ kàn án. Okùn tí wọ́n fi ń wọn òkú ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń wà, wọn kì í fi wọn nǹkan mìíràn. Kò sí káfíńtà tó máa jẹ́ kí wọ́n fi okùn bẹ́ẹ̀ kan òun láàyè.

Ọ̀gá tú aṣọ náà, wọ́n na okùn sílẹ̀. “Òfin ni Jékọ́ọ̀bù sọ, òtítọ́ sì ni. Òkú ló ni pákó. Ẹni tó bá ní tòun ni, kó wá dùbúlẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n. Mo máa gé e fún un lónìí, kó gbé e lọ sílé.”

Gbogbo wa sún sẹ́yìn. Ẹni tó ní òkè ni tòun ń wo ilẹ̀.

Àfi Jékọ́ọ̀bù. “Èmi ò gba irú nǹkan báyìí gbọ́,” ó ní. “Onígbàgbọ́ ni mí.” Ó bọ́ bàtà, ó ká kóòtù rẹ̀, ó gbé e lé orí àga. Ó kúnlẹ̀, ó jókòó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan lélẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi orí okùn kan àtàrí rẹ̀, wọ́n wá pè mí jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nílé òkú.

“Àlàó, bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kó lè tọ́.”

Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ tí Jékọ́ọ̀bù fi fò dìde. “Ẹ dúró ná! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni. A ní ìpàdé akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Orin òkú àbí ti alààyè?” Ìyá Sàláwù bi í.

Ẹ̀rín bú. Láwànì gan-an rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Jékọ́ọ̀bù ti dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹ kó o, Ọ̀gá. Ẹ kó gbogbo rẹ̀.” Ó gbàgbé kóòtù sórí àga.

Oníṣòwò Ògùnpa kò fẹ́ pákó tí wọ́n ha ojú ènìyàn sí lára, nítorí náà a kó ìfági jáde, irin tí a fi ń fá ara igi kó lè dán. Àbàjà Láwànì, lẹ́tà Jékọ́ọ̀bù, gbogbo wọn di fùlùfúlù nílẹ̀, Ìyá Sàláwù sì fi wọ́n dáná. A ru pákó lọ sí Ògùnpa, a ru páànù gun òkè Mápó padà, ó ń ró gbàràgàdà lórí wa, àwọn ènìyàn sì ń jáde wá wo ìran. Móríámù ló ń na ìṣó sí wa nígbà tí a ń kan òrùlé. Ẹrù rẹ̀ tí ó ti dì, ìyàwó Láwànì ti tú u.

Òjò àkọ́kọ́ bá wa nínú ilé náà. Ẹni tí kò tíì gbé abẹ́ páànù rí kò mọ bó ṣe ń dún. Ìyá Láwànì tí kò ríran fi ọwọ́ bo orí. “Ta ló ń sọ mí lókò o?”

“Òjò ni, Ìyá!” gbogbo wa kígbe.

“Òjò ọ̀hún dà? Kò kàn mí!”

A dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ ká dìde. Mo ti kan òrùlé fún àwọn olóyè, mo ti kan fún ìjọba, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì dùn tó ti ọjọ́ yẹn lórí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀.

Páànù tó ṣẹ́ kù la tà tí a fi ra ìrókò mìíràn. Ó tún kún. Nígbà tí ojú Ọ̀gá kò gbé e mọ́, wọ́n fi mí ṣe akápò, mo sì ṣe é títí irun mi fi funfun. Ayùn tí ẹ̀rọ ń fà dé, ó ń la igi kan láàárín àkókò tí àwa fi ń pọ́n ayùn tiwa. Mo bú u fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo ra igi lọ́wọ́ rẹ̀. Koríko kúrò lórí ilé, iná sì dín kù. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní ká kó owó lọ sí báńkì, mo bá wọn lọ. Mo bi akọ̀wé ibẹ̀ pé igi wo ni wọ́n fi ṣe àpótí wọn. Ó wò mí títí, ó ní irin ni. Ọkàn mi balẹ̀, mo sì fi ipò sílẹ̀ lọ́dún yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá kọ́ ọ. Ẹ máa na ìṣó, ebi máa pa yín díẹ̀, ẹ ó sì mọ òórùn arère títí ẹ ó fi kú.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ tí a ń fá àwọn àmì yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ sáré mú ìfági, gbogbo ènìyàn sì ń yìn mí pé mo lójú àánú. Àmì tèmi náà wà lára ọ̀kan nínú wọn. Òun ni mo kọ́kọ́ fá, kí ẹnikẹ́ni tó rí i.